Bí mo ṣe fi £2,500 ra alùpùpù ìrìn-àjò àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù

£2,500 ni gbogbo owó tí mo yà sọ́tọ̀, kò sì síbi tí mo ti lè rí òmíràn fi kún un. Owó alùpùpù nìkan kọ́ ló wà nínú ẹ̀ o. Ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, owó orí ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó táyà náà wà níbẹ̀, torí àlòkù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà bá táyà tuntun dé. Nígbà tí mo yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ó ku nǹkan bí £1,800 tí mo lè fi ná ọjà. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, kí ojú mi má bàa wọ ohun tí ọwọ́ mi ò tó.

Ohun tí mo ń wá ò ṣòro ṣàlàyé. Thamesmead là ń gbé. Àbúrò mi wà ní Manchester, èmi àti ìyàwó mi sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé a fẹ́ gun alùpùpù dé òkè Scotland, ká ti Inverness yí etí òkun ká. Nítorí náà, alùpùpù tí èèyàn méjì lè jókòó lé láti àárọ̀ dọ̀sán láì ráhùn ni mo fẹ́, tó ní gíláàsì níwájú tí yóò máa dínà atẹ́gùn, tó ní àpótí ẹrù, tí kò sì lo ṣéènì.

Lórí ọ̀rọ̀ ṣéènì, mo le díẹ̀. Ṣéènì ń fẹ́ òróró lóòrèkóòrè, ó ń fẹ́ kí wọ́n máa fà á le, tó bá sì gbó, òun àti àwọn irin eléyín tó ń yí lé lórí ni wọ́n jọ ń pààrọ̀. Tí òjò bá wá ń lù ú fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra lójú ọ̀nà Scotland, ilé ìtura lèèyàn yóò ti máa wá ibi tó máa kúnlẹ̀ sí pẹ̀lú àkísà àti agolo òróró. Alùpùpù oníṣáàfùtù, tó ń lo ọ̀pá irin láti gbé agbára ẹ́ńjìnì dé táyà ẹ̀yìn, wúwo jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú irin ni ṣáàfùtù wà, eyín rẹ̀ sì wà nínú ọ́ìlì, òjò ò rí i, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù náà ò rí i. Èmi yan ṣáàfùtù.

ULEZ, òfin Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbowó lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ló kọ́kọ́ já ọ̀pọ̀ ọjà gbà lọ́wọ́ mi. Láti 29 Oṣù Kẹjọ 2023 ni ó ti kan gbogbo àdúgbò Lọ́ńdọ̀nù pátá. Alùpùpù tí èéfín rẹ̀ ò bá dé ìwọ̀n Euro 3, ìyẹn ìlànà Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀, £12.50 ni ẹni tó ni ín ń san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá gùn ún jáde. Àwọn tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́yìn Oṣù Keje 2007 sábà máa ń yege. Àwọn kan tó ṣáájú ìgbà yẹn náà ń yege, àmọ́ ẹ má ṣe gba ẹnu olùtajà gbọ́. Ojú ìwé TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù, ni kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ti sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà lẹ́yìn odi ìlú ò tiẹ̀ mọ ohun tí ULEZ ń jẹ́.

Báyìí ni Honda ST1100 ṣe bọ́. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Láti 1990 di 2002 ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnì 1084cc, ṣáàfùtù, táńkì tó ń gba lítà epo 28. Ká ní Leeds ni mò ń gbé, òun ni ǹ bá rà. (Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá èyí tó ti 1996 sókè, nítorí àwọn tó ṣáájú, alternator (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná) inú ọ́ìlì ni wọ́n ní, kò lágbára tó ti àwọn tó tẹ̀lé wọn, ó sì ń bàjẹ́.) BMW R1150RT náà dára lójú, ó sì dára lójú títì, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ní bíréèkì kan tó ń fi ẹ̀rọ kékeré oníná ran ọwọ́ ẹni lọ́wọ́. Tí ẹ̀rọ yẹn bá kọṣẹ́, owó tó máa gbà lọ́wọ́ ẹni yóò mú kéèyàn bi ara rẹ̀ pé kí ló gbé òun débẹ̀. Yamaha FJR1300 wà láyé, púpọ̀ nínú wọn sì yege ní ULEZ, àmọ́ àwọn tó wà ní £1,800 ti rìn títí ó ti rẹ̀ wọ́n. Èyí tí kò tíì rẹ̀, mi ò lówó ẹ̀.

Ó wá ku Honda Deauville, NT700V, tó jáde ní 2006. Ẹ́ńjìnì 680cc ni, sílíńdà méjì, ṣáàfùtù, ìlú Sípéènì ni wọ́n ti tò ó. Àpótí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá a dé láti ilé iṣẹ́, wọ́n já síra wọn láàárín, èèyàn lè ti agbòòrùn bọ inú ẹ̀. Gíláàsì iwájú ẹ̀ ń lọ sókè sódò, ọwọ́ lásán lèèyàn fi ń ṣe é. Kò sáré bíi tàwọn yòókù, kò sì lẹ́wà. Àwọn òyìnbó tó ń gun alùpùpù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun arúgbó ni, pé oorun ń kunni lórí ẹ̀. Àwọn tó ń gbé lẹ́tà àti àpò ẹ̀jẹ̀ kiri ló mọ̀ ọ́n. Yẹ̀yẹ́ yẹn ni mo rí jẹ: ohun táwọn ọmọkùnrin ò lè fi ṣe fáàrí, owó rẹ̀ kì í le. Gbogbo owó tẹ́ ẹ rí lórí àwọn alùpùpù gíga onítáyà ńlá, tí wọ́n ṣe bí ẹni ń lọ aṣálẹ̀ Sahara, fáàrí ló gba ìdajì ẹ̀.

Bí mo ṣe mọ ohun tí mo ń wá, mi ò tètè dìde lọ wò ó. Orí ìjókòó mi ni mo ti dá ọ̀pọ̀ nù. Ní Britain, alùpùpù tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdánwò MOT lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ó yẹ fún ojú títì, ìjọba sì kó àbájáde rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ nìkan lẹ máa tẹ̀. Bí mo bá ti rí ìpolówó, kí n tó ka ọ̀rọ̀ dídùn inú ẹ̀, MOT ni mò ń lọ kà. Olùtajà kan kọ ọ́ pé tòun ò tíì ju 22,000 máìlì lọ. MOT ọdún mélòó kan sẹ́yìn sọ pé ó ti rin 41,000. Mi ò bi í léèrè. Òmíràn wà, máìlì rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léra wọn: páàdì bíréèkì ẹ̀yìn ti ń tán. Ẹni tí wọ́n kìlọ̀ bíréèkì fún lọ́dún mẹ́ta tí kò dá wọn lóhùn, ṣé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló máa wá rántí pààrọ̀?

Èyí tó máa ń tan èèyàn jù ni eléyìí tí máìlì rẹ̀ kéré gan-an, 9,000 bóyá, tí kò sì sí MOT kankan fún un láàárín fún ọdún mélòó kan. Inú gáréèjì ló wà nígbà yẹn. Alùpùpù tó dúró sójú kan, rọ́bà rẹ̀ ń gbẹ, epo inú táńkì ń bàjẹ́, ìpatà ń jẹ ẹ́ níbi tójú ò tó. 35,000 máìlì tí wọ́n rìn léraléra, tí rìsíìtì sì wà fún, dùn mọ́ mi nínú ju 9,000 yẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní Deptford, ọmọ Ìbàdàn, alùpùpù ló ń tún ṣe. Òun ni mò ń fi gbogbo ẹ̀ hàn. Nígbà tí mo fi ìpolówó Deauville kan láti Lincolnshire ránṣẹ́ sí i, ti 2009, 34,000 máìlì, MOT pé láìfò ọdún kankan, ó pè mí.

"Àbúrò, eléyìí dà bí ẹni pé ó ní ìtọ́jú. Sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ tan iná sí i kó o tó débẹ̀."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ́ńjìnì tó bá ti gbóná kì í sọ òótọ́. Tó o bá débẹ̀, fọwọ́ kàn án kó o tó kí onílé."

Mo kí onílé ṣáájú o, àgbàlagbà ni, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́wọ́ lé irin ẹ́ńjìnì. Ó tutù. Bàbá náà ní orúnkún òun ò jẹ́ kóun lè gbé e mọ́, ó sì lé ní kílò 240 lóòótọ́. Ó tan iná sí i, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín ò yọ lára ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi àkísà nu ṣọ́kù iwájú méjèèjì, mo gun orí ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ dáadáa, mo tún sọ̀ kalẹ̀ wò ó bóyá ọ́ìlì yí i ká. Kò sí. A gbé e sórí ẹsẹ̀ àárín, bàbá náà tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kí táyà iwájú lè kúrò nílẹ̀, mo rọra ń yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tí bẹ́árìn ọrùn bá ti jẹ, èèyàn máa mọ̀ ọ́n láàárín gbùngbùn: á máa dúró síbẹ̀ bíi pé nǹkan dì í mú. Tirẹ̀ ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Mo fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ dísìkì bíréèkì wò. Wọ́n kọ ìwọ̀n tó kéré jù sára rẹ̀, kò tíì sún mọ́ ọn. Omi bíréèkì ti dúdú díẹ̀, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Mo wo abẹ́ sáléńsà, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ ìgbà òtútù ti ń jẹun. Ìpatà wà lójú ẹ̀, kò tíì lu.

Mo mú mítà kékeré kan dání fún iná. Tí ẹ bá fẹ́ ra Honda àlòkù, ẹ mú un dání, torí ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná tó ń lọ sí bátìrì wà lára ohun tó tètè ń kú lára wọn. Kó tó ṣiṣẹ́, bátìrì sọ fólìtì 12.7. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ tí mo fún un lépo díẹ̀, ó gòkè dé 14.2, ó sì dúró síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé 12 àti díẹ̀ ló ń sọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, tàbí tó kọjá 15, ilé ni ǹ bá padà sí.

Táyà ni mo ti rí ohun tí mo fi máa ná ọjà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára gbogbo táyà nínú àmì kékeré kan: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. 1215 ló wà lára méjèèjì, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlá 2015 ni. Ìlà ara rẹ̀ ṣì jìn ju mìlímítà kan tí òfin béèrè lọ, MOT sì gbà á, ṣùgbọ́n ó ti ń la wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò lè gbé ìyàwó mi lórí ìyẹn.

Mo gùn ún wò. Bàbá ní kí n kó owó náà sí òun lọ́wọ́ kí n tó lọ, ìyẹn sì bójú mu; ta ló máa jẹ́ kí àjèjì gbé ohun ìní òun lọ lásán? Gíà wọlé láìfò, bíréèkì ò fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tú ọwọ́ díẹ̀ lójú títì tó gún, kò gbọ̀n.

£1,950 ló pè é. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ò fẹ́ kí wọ́n máa ná ọjà wọn bíi ti Ọjà Ọba, tẹ́ ẹ bá dá a sí méjì, ẹ ti bú wọn. Mo fi nọ́ńbà táyà hàn án, mo fi owó tí ilé táyà méjì kan kọ fún mi hàn án lórí fóònù, mo dákẹ́. Ó wo táyà, ó wo mi, ó ní £1,750. Mo ní £1,700, kó fi àpótí ẹ̀yìn tó wà lórí pẹpẹ ní gáréèjì kún un. Ó rẹ́rìn-ín. Bó ṣe parí nìyẹn.

Lórí ìwé, mi ò fi kánjú ṣe é. Nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin ọrùn alùpùpù bá ti inú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, mu, àdírẹ́sì inú V5C náà sì ni ilé tí a dúró sí. Mo ti san owó kékeré ṣáájú láti mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀ tàbí wọ́n jí i. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pé. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, ẹ̀rọ kékeré wà nínú kọ́kọ́rọ́ Honda, ẹni tó ní ẹyọ kan tó sọ ọ́ nù yóò náwó. Láti Oṣù Kẹwàá 2014, owó orí ọkọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ san kì í bá ọkọ̀ lọ mọ́, torí náà mo ra ìnṣọ́ránsì lórí fóònù níbẹ̀, mo fi nọ́ńbà ara ìwé kékeré tí bàbá já fún mi látinú V5C san owó orí ọkọ̀ oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ọjà, ẹ fi í sílẹ̀.

A1 ni mo gbà wálé, mo rọra ń lọ nítorí táyà, mo bọ́ sí M25, mo gba Dartford kọjá odò Thames. Alùpùpù ò sanwó níbẹ̀, wọn kì í sì í san Congestion Charge, owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n yí táyà méjèèjì padà, ó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì ṣáàfùtù àti omi bíréèkì. Ọ́ìlì ṣáàfùtù yẹn ò tó ife tíì kan, kò sì gbówó, ṣùgbọ́n ó ní òun ti rí àwọn tí wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ parí, ó ku díẹ̀ lé ní £100. Mo ti fẹ́ fi ra ohun tí wọ́n ń so fóònù mọ́ fún wíwo ọ̀nà. Ìyàwó mi gbọ́.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń lọ Scotland ni? Aṣọ òjò tèmi dà?"

Aṣọ òjò la rà.