Ọkọ̀ àlòkù tó lè gbé èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó: bí ẹ ṣe lè yàn án

Ọkọ̀ tó ń gbé èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó kì í sinmi. Èrò kún inú rẹ̀, ẹrù kún bọ́ọ̀tù, éè-sí ti ń ṣiṣẹ́ láti gáréèjì. Yóò sáré dé oríta Ṣágámù, yóò bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Mowe àti Ìbàfò nínú òòrùn ọ̀sán. Ohun tó ń pa ọkọ̀ lójú ọ̀nà yìí ò ju mẹ́ta lọ: ooru, jíà, àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ fi yan ọkọ̀. Ọ̀dà tó ń dán àti síìtì aláwọ ò gbé èrò dé Ọjọ́tà.

Kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀ kankan, ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìdá mẹ́ta ni kí ẹ fi ra ọkọ̀, kí ìdá kan tó kù jẹ́ ti táyà, ọ́ìlì, bíréékì, ìwé àti ìbánigbófò. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta ni kó máa wá. Kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kò ní béèrè nǹkan lóṣù àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì ti ná gbogbo owó tán sórí ọkọ̀ ni yóò gbé e jókòó sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì nígbà tó yẹ kó máa pa owó.

Tòkunbọ̀ ni, tàbí èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà? Tòkunbọ̀ ò tíì jìyà kòtò wa, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lókè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú ni ìjàm̀bá tàbí omíyalé ti bá. Bí owó ò bá pọ̀, ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ti lò níhìn-ín, tó lè mú yín lọ bá mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe, sàn ju tòkunbọ̀ tí wọ́n so ara rẹ̀ pọ̀ lọ.

Ọkọ̀ wo?

Ẹ ra èyí tí pátì rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù fúnra rẹ̀, tí kò ní di dandan kí ẹ lọ sí Ládípọ̀, ọjà pátì l'Ékòó, nítorí ohun kékeré. Ìyẹn ló fà á tí Toyota fi kún gáréèjì.

Toyota Corolla 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnì 1.8, ni a máa kọ́kọ́ nà ìka sí. Kì í mu epo púpọ̀, ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì rọ́bà. Ẹ ṣọ́ra fún ti 1998 sí 2002: ẹ́ńjìnì irú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnnì rẹ̀ kéré, ó ń dí, ọkọ̀ á wá máa jẹ ọ́ìlì.

Camry 2002 sí 2006, tí gbogbo ayé ń pè ní Big Daddy, fẹ̀ ju Corolla lọ fún èrò. Ẹ́ńjìnì 2.4 ni kí ẹ mú. Àìsàn tirẹ̀ ni pé bí ó bá ti gbóná jù rí, ojú ìdè bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnì mọ́ ara rẹ̀ máa ń jẹ, pàápàá ti ẹ̀yìn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí orí àti ara ti pàdé. Bí ẹ bá rí ipa omi tó ti gbẹ níbẹ̀, ẹ kúrò ńbẹ̀. Ti 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnì 2.4 kan náà, jíjẹ ọ́ìlì ni ẹjọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò mẹ́fà tàbí méje yóò wo Toyota Sienna. Èyí tó wà ṣáájú 2007 ń lo bẹ́líìtì táímínnì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ́ńjìnì, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 90,000 máìlì, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ ka bẹ́líìtì tuntun àti wọ́tà-pọ́ǹpù mọ́ owó ọkọ̀ náà. Ti 2007 sókè ní ṣéènì, ṣùgbọ́n ẹ wo páìpù ọ́ìlì kékeré tó lọ sí orí ẹ́ńjìnì: bí apá kan rẹ̀ bá ṣì jẹ́ rọ́bà, ó lè bẹ́ lójú ọ̀nà kí ọ́ìlì dà nù tán kí awakọ̀ tó mọ̀. Onírin gbogbo wà, ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Honda Accord 2003 sí 2007 oní-sílíńdà mẹ́rin dára, ó sì lágbára. Oní-sílíńdà mẹ́fà ti 2003 àti 2004 ni kí ẹ yẹra fún. Honda fúnra rẹ̀ pe irú wọn padà ní 2004 nítorí jíà kejì tó ń gbóná.

Ẹ lọ wò ó láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnì tutù

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí pé ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í jẹ́ kéèyàn rí èéfín àárọ̀, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ariwo ṣéènì.

Nígbà tó ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí radiétọ̀. Ẹ má dán an wò láéláé bí ọkọ̀ bá ti gbóná. Omi rẹ̀ á ta síni lójú. Kúláǹtì tó dára máa ń mọ́, ì báà jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ewé. Bí omi náà bá dà bí omi ìpẹtà, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti ń rọ sí i fún ìgbà pípẹ́, inú radiétọ̀ ti ń dí. Bí epo bá léfòó lórí rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì náà wò: ohun funfun tó ki bí ògì lábẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé omi àti ọ́ìlì ti ń pàdé, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí àti ara ẹ́ńjìnì, ti lọ nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá ń rin ìrìn kékeré nìkan lè ní díẹ̀ lábẹ́ ìdérí, nítorí náà ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì náà jáde. Bí ti ibẹ̀ bá funfun, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ìdérí radiétọ̀ wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú méjì péré. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè kọ́kọ́ jáde. Èyí tó bá ń hó jáde láìdúró, tó ń yára sí i bí ẹ bá tẹ àkísẹ̀ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú sílíńdà ló ń wọnú omi. Ẹ dé e padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan éè-sí, kí ọkọ̀ dúró sójú kan fún 20 ìṣẹ́jú. Àyẹ̀wò yìí ló jọ Ìbàfò jù lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú yín. Ọwọ́ tó ń fi ooru hàn gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, kó dúró ní ìsàlẹ̀ àárín, kó má kúrò níbẹ̀ mọ́. Fáànù méjèèjì gbọ́dọ̀ yí. Bí fáànù bá ti ń yí láti ìgbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí kò dúró rárá bí ẹ ti pa éè-sí, ó ṣeé ṣe kí rewáyà ti so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì: ẹnì kan ti ń bá ooru jà nínú ọkọ̀ yẹn. Bí ọwọ́ ooru bá sì kọ̀ láti gòkè, tàbí tó ń wálẹ̀ bí ẹ bá ń sáré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ tàmọ́sítáàtì, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná, sọnù. Ẹ béèrè ohun tó fà á.

Èéfín: búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, omi ló ń wọlé. Dúdú, epo ti pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá ti tẹ́ yín lọ́rùn títí dé ibí yìí, ẹ san owó fún mẹkáníìkì tiyín kó fi géèjì wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí ìyàtọ̀ àárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Jíà

Àtúnṣe jíà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìdajì owó ọkọ̀ lọ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ tẹ bíréékì, ẹ mú un láti N (ipò tí jíà kò mú) sí D (ti iwájú). Lára Toyota, kó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ lọ kó tó mú. Láti N sí R (ti ẹ̀yìn), kó má ju ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ lọ. Bó bá ń pẹ́, tó sì wá gbá gì, ó ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ọ́ìlì jíà ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n. Lára Toyota tó ní ọ̀pá ìwọn, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná, kó sì máa ṣiṣẹ́. Ẹ mú jíà kiri gbogbo ipò rẹ̀, ẹ dá a padà sí P (ti ìdúró), kí ẹ tó fa ọ̀pá. Ti Honda, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi ti ọ̀kan wọn èkejì, irọ́ ni yóò kà. Ọ́ìlì pupa tó mọ́ dára. Èyí tó dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, ẹ fi sílẹ̀. Pípààrọ̀ rẹ̀ ò ní gba jíà náà là mọ́.

Ẹ wá wà á. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí ìhà Ṣágámù, ó kéré tán 20 kìlómítà, kí ẹ padà. Jíà tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń hùwà ọmọlúàbí nígbà tó bá tutù. Nígbà tó bá gbóná dáadáa ni ẹ máa rí i pé ẹ́ńjìnì ń ké sókè, ọkọ̀ ò sì yára sí i. Ẹ dúró síbi tó gun òkè díẹ̀, ẹ tún gbéra. Ẹ gbìyànjú R lórí òkè bákan náà.

Ẹ mú skánà dání, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú ibi tí wọ́n ń kì í bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Bí ó bá rí àṣìṣe, yóò fi kóòdù hàn: P0741 jẹ́ ẹjọ́ jíà. P0300 jẹ́ ti plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì tàbí epo. P0420 jẹ́ ti kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù èéfín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti gé tiwọn tà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́. Bí skánà bá ní kò sí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n tó ní àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ò tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì tàbí kí wọ́n fi skánà pa àṣìṣe rẹ́ kí ẹ tó dé. Kí iná ẹ́ńjìnì sì tàn nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́, kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ara àti ẹsẹ̀

Fún omíyalé, ẹ fa bẹ́líìtì síìtì jáde tán dé ìdí rẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ọ̀tì abẹ́ síìtì bóyá ó ti dípẹtà, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù. Ọkọ̀ tí omi ti bò, wáyà rẹ̀ yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó tó o. Fún ìjàm̀bá, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tẹ ara ọkọ̀ kiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ lára irin, bọ́dì-fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n tún kùn kì í pa ọkọ̀. Irin ẹsẹ̀ iwájú tí wọ́n ti fi iná jó pọ̀ ni kí ẹ sá fún.

Ẹ gba ojú ọ̀nà tó ní kòtò, kí ẹ sì yí gíláàsì wálẹ̀. Ìró kò-kò láti iwájú jẹ́ bọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù-jọ́ọ̀ǹtì tàbí ṣọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé yín, ẹ kàn fi já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ọjọ́ orí táyà wà lára rẹ̀ nínú nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Nínú ooru wa, ẹ má gbé èrò lórí táyà tó ti ju ọdún márùn-ún lọ, bó ti wù kí eyín rẹ̀ tó.

Ìwé

Nọ́ńbà ṣásì jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ kà á ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ẹ kà á lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ sì fi wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 àti 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan. Ìkẹwàá ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 9 ni 2009, A ni 2010. Ẹni tó bá ń ta 2005 fún yín bíi 2007, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti máa tú. Ẹ má san owó tán kí ẹ tó gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín, àti àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí.

Bí ọkọ̀ bá ti di tiyín, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti fílítà kó tó gbé èrò kankan. Camry 2.4 ti 2002 sí 2006 ń gba lítà 3.8, gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin kan tó o, ṣùgbọ́n ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i; ti Corolla 1.8, ẹ wo iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀, torí kì í ṣe iye kan náà ní gbogbo ọdún. Ẹ fọ radiétọ̀, ẹ da kúláǹtì ìdajì àti omi mímọ́ ìdajì sí i. Ẹ yẹ páàdì bíréékì wò, kí ẹ da ọ́ìlì bíréékì DOT 3 tuntun sí i. Ọ́ìlì jíà, orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ìwọn rẹ̀ tàbí sínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ rà. T-IV àti WS, irú ọ́ìlì jíà Toyota méjì, kì í ṣe ọ̀kan náà. Lẹ́yìn 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ní àárọ̀, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì ẹ́ńjìnì jáde, ẹ wo ibi tí omi kúláǹtì dé nínú ike rẹ̀, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà ọjọ́ náà.