₦64.5 mílíọ̀nù lórí Instagram, ₦17 mílíọ̀nù ní báńkì: ìrírí mi pẹ̀lú owó sinimá

Lọ́jọ́ tí disitiríbútọ̀ mi, iléeṣẹ́ tó ń bá mi gbé fíìmù lọ sáwọn ilé sinimá, gbé e sórí Instagram pé fíìmù mi ti pa ₦64.5 mílíọ̀nù ní sinimá, fóònù mi kò sinmi. Ẹ kú oríire, ẹ kú àṣeyọrí, Ọlọ́run á tún ṣe é. Kó tó di alẹ́, ìbátan mi kan ti fi káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí “màmá onímílíọ̀nù” má gbàgbé aṣọ ẹbí o. Kọ́bọ̀ kan kò tíì wọ àpò mi nígbà yẹn. Iye tó wá wọlé níkẹyìn, lẹ́yìn àríyànjiyàn àti ìpè tí kò lóǹkà, ni ₦17,260,000. Ohun tí fíìmù náà ná mi ni ₦52 mílíọ̀nù. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn àbúrò tó ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe gbé tiyín dé sinimá?” Ṣe ni ojú wọn ń dán bí wọ́n ti ń bi mí.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí kíkọ ìtàn, yíyan òṣèré àti gbígba ìwé-ẹ̀rí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò. Ẹni tó bá ti wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìyẹn. Ìtàn opó kan àti àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ni, ìjà lórí ilé aláró ní Abẹ́òkúta. ₦38 mílíọ̀nù ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, mo sì ṣe é dáadáa: owó òṣèré, kámẹ́rà àti iná, ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀, gígé àwòrán àti títo ohùn, pẹ̀lú owó ìdábòòbò díẹ̀ lókè. Oṣù Kẹfà 2023 la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29, Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn: ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí ₦190, ó di iye tó lé ní ₦480. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ mi láti Èkó sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ní gaàrí pàápàá ti gbówó lórí. Ká tó mọ̀, náírà náà ṣubú, dọ́là kúrò ní bí ₦470, ó kọjá ₦700, àwọn tó ní kámẹ́rà sì fi ìyẹn ṣe àwáwí.

Owó tó lé lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦14 mílíọ̀nù. Mo yá ₦8 mílíọ̀nù ní kọpuréétífù, mo sì ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí mo ní ní Mowé fún ₦6 mílíọ̀nù. Mi ò kábàámọ̀ ohun tí owó náà ṣe o. Ìran tí opó náà ti kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìkòkò aró, tí ó yọ ọ́ jáde dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, tí ó sì na ọwọ́ náà sí ìyá ọkọ rẹ̀, kò sí ẹni tó wò ó tí kò mí kanlẹ̀. Aró gidi ni, kì í ṣe ọ̀dà. Òṣèré wa fi ọwọ́ dúdú yẹn lọ síbi ìnáwó ní Satidé tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo gbójú lé láti fi dí ihò náà ni títa fíìmù fún àwọn tó ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 2024, Amazon kéde pé Prime Video máa dẹ́kun fífi owó sórí iṣẹ́ tuntun ní Áfíríkà, ni gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣe ìpàdé bá dákẹ́. Ó wá ku sinimá. Gbogbo ayé sì ń fi sinimá lérí lásìkò náà, nítorí pé ní Oṣù Kejìlá 2023 ni Fúnkẹ́ Akíndélé gbé A Tribe Called Judah jáde, òun sì ni fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nínú ilé sinimá wa. Ẹni tó bá ní fíìmù lọ́wọ́ lákòókò náà rò pé ìdá mẹ́wàá ìyẹn kò lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìṣirò náà sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ṣí i fún mi. Iye tí wọ́n ń kéde ni gbogbo ohun tí òǹwòran san, VAT sì wà nínú rẹ̀. Ìdá 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún ni ìyẹn, ₦4.5 mílíọ̀nù nínú tèmi, tìjọba ni. Ó ku ₦60 mílíọ̀nù. Nínú àdéhùn mi, ìdajì-ìdajì ni èmi àti ilé sinimá ń pín fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, nínú ₦100, wọ́n gba ₦60, èmi gba ₦40. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn mú ₦45 mílíọ̀nù wá, èyí tó kù mú ₦15 mílíọ̀nù. Tèmi jẹ́ ₦22.5 mílíọ̀nù àti ₦6 mílíọ̀nù, lápapọ̀ ₦28.5 mílíọ̀nù. Disitiríbútọ̀ yọ ìdá 15 tirẹ̀, ₦4,275,000. Ó tún yọ owó tó sọ pé òun ná sórí pósítà, rédíò, DCP, ìyẹn fáìlì fíìmù tí ilé sinimá fi ń gbé àwòrán sára ògiri, àti ayẹyẹ ìfihàn ní Lẹ́kkí: ₦6,225,000. Ó ku ₦18 mílíọ̀nù. Ibi ayẹyẹ yẹn ni mo ti rí àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí tí wọ́n ń mu wáìnì, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò níwájú pósítà mi. Owó wáìnì wọn wà nínú ₦6,225,000 náà.

Ogúndé àti Adé Love ò ṣe irú eléyìí. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìfihàn wọn ká láti ìlú dé ìlú, ènìyàn wọn ló ń dúró lẹ́nu géètì, owó alẹ́ òní, alẹ́ òní ni wọ́n ń kà á. Olè tó dojú kọ wọn, olè gidi ni: fíìmù Ọ̀run Mooru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982, àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ayédèrú ló pa owó lórí rẹ̀, gbèsè sì kú sí i lọ́rùn. Tèmi kò ní olè. Wọ́n kàn ń “ṣe reconciliation” ni, ìyẹn ni pé wọ́n ṣì ń fi ìṣirò wé ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ dé. Àdéhùn èmi àti disitiríbútọ̀ kò dá ọjọ́ tí wọ́n máa sanwó. “Lẹ́yìn tí àwọn ilé sinimá bá ti san tiwọn” ló wà níbẹ̀, lọ́yà mi sì ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́. Fíìmù jáde ní Oṣù Karùn-ún 2024, ó kúrò ní sinimá ṣáájú ìparí Oṣù Keje. Mo pè ní Oṣù Kẹjọ. Akáǹtáǹtì wọn tó gbé e jẹ́ ọmọdékùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ẹ ò lè bínú sí i. “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ìyá wa àtàtà. Àwọn sinimá kan ò tíì san ni, mà. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan.” Mo tún pè. “Ẹ káàsán, mà. Ọ̀gá wa wà ní ìrìn àjò.” Ní gbogbo àkókò yẹn, èlé kọpuréétífù kò rin ìrìn àjò kankan.

Nígbà tí ìwé ìṣirò wá dé lórí WhatsApp, ojú ìwé kan ṣoṣo, mo jókòó mo ro ó pọ̀. Kò pé ₦58 mílíọ̀nù. Àwọn fúnra wọn ló fi ₦64.5 mílíọ̀nù fọnnu lórí Instagram! Mo bi akáǹtáǹtì léèrè. Ó ní iye tí wọ́n kéde ni èyí tí ilé sinimá fi ń ránṣẹ́ lójoojúmọ́, iye tó wà nínú ìwé ni èyí tí wọ́n ti “confirm”. Mo ní kí wọ́n fi ti ilé sinimá kọ̀ọ̀kan hàn mí, ọjọ́ sí ọjọ́, aago sí aago. Ó ní wọn kì í fún pirodúsà ní ìyẹn. Mo ní, “Ọmọ mi, fíìmù ta ni?” Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá gbé ara mi lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo jókòó sínú yàrá àlejò títí agbàlẹ̀ fi dé.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi níkẹyìn. Ọ̀pọ̀ lára àwọn àkókò tí wọ́n fún fíìmù mi jẹ́ aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Túsìdeé, nígbà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wà níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo gbé ìyẹn jù sílẹ̀. Mo ń wá Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kó àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ wo fíìmù náà ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n jẹ́ 34, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, fọ́tò wọn wà lọ́wọ́ mi. Nínú ìwé ìṣirò, fún ilé sinimá yẹn, ọjọ́ yẹn, aago yẹn, òǹwòran 12 ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Olúwa ṣeun, kì í da nǹkan nù. Gbogbo bébà tíkẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpò Bíbélì rẹ̀, ó fi rọ́bà dì wọ́n. Bébà fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ fi ooru tẹ̀ ni, lẹ́tà ara rẹ̀ ti ń ṣá, òmíràn ti funfun báláú, orúkọ fíìmù kò hàn mọ́, kìkì nọ́ńbà àga ló kù. Ó ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ iná, ó fi wọ́n ránṣẹ́. Mo to gbogbo wọn síwájú ọ̀gá wọn, fọ́tò aṣọ ẹgbẹ́ lókè. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ máa bínú, mà, system ni.” Láti ọjọ́ yẹn ni “system” náà ti ń rántí nǹkan. Ilé sinimá kan rántí ìparí ọ̀sẹ̀ kan odidi. Òmíràn rántí pé àwọn ò tíì fi oṣù Keje sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ₦64.5 mílíọ̀nù ṣe padà pé. Èrò mi ni pé ká ní kò sí àpò Bíbélì yẹn, ₦58 mílíọ̀nù ni wọn ì bá fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pín owó náà san, ọyẹ́ sì ti ń mú kí wọ́n tó san apá kejì.

Ẹ̀yin tó ń bi mí, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìsanwó wà nínú àdéhùn, pẹ̀lú èlé tó bá yẹ̀. Ẹ fi iye tí owó ìpolówó kò gbọdọ̀ kọjá síbẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lu gbogbo ìnáwó kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ̀tọ́ láti rí iye tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, òun ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè ní tèmi, kódà ṣáájú ìpín. Ẹ ní kí àwọn èèyàn yín ya fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu géètì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé iye kankan sórí Instagram ní orúkọ yín kí owó tó wọlé. Mo ṣì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ìbátan mi tó fi káàdì ìgbéyàwó ránṣẹ́ yẹn dúró.

Mo ta fíìmù náà fún ẹnì kan tó ní ìkànnì ńlá lórí YouTube, ó san ₦9 mílíọ̀nù lọ́jọ́ tí a tọwọ́ bọ̀wé, kò ṣe reconciliation kankan. Ìyẹn ni mo fi pa gbèsè kọpuréétífù. Ní ti ₦18 mílíọ̀nù, ilé sinimá kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì san tirẹ̀, ₦740,000. Wọ́n ní kí n pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́.