Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ẹ Ṣe Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Bándísọ́ọ̀ Ńlá fún Líla Pákó sí Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lẹ́yìnkùlé ní Òṣogbo kì í ronú kan bándísọ́ọ̀ ńlá, ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ gùn bí bẹ́líìtì tí ó sì ń yí ká wíìlì méjì, àfi ìgbà tí owó pákó bá ti dùn wá wọra. A ó lọ sí sọ́míìlì, a ó ra pákó ọ̀gànwó tí ó nípọn ní íńṣì méjì, tí ó sì fẹ̀ ní íńṣì méjìlá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ń fẹ́ kò ju ìdajì íńṣì lọ. Bí a bá ní kí a fi pléènà fá a títí yóò fi tín-ín-rín, èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó wa ni yóò di lẹ́búlẹ́bú nílẹ̀. Sékúlà, ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ rí roboto, tí ìbú ayùn náà jẹ́ íńṣì mẹ́wàá kò lè wọ inú igi ju nǹkan bí íńṣì mẹ́ta lọ, ó sì ń jẹ tó mílímítà mẹ́ta nínú pákó ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá, nígbà tí bándísọ́ọ̀ tí a tò dáadáa ń jẹ nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Ìdí nìyí tí ọkàn fi ń fà sí ẹ̀rọ yìí, ìdí náà sì nìyí tí a fi ń sanwó rẹ̀ kí a tó bèèrè ìbéèrè tí ó yẹ.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn fi ń rà á. Bí wọ́n bá ní bándísọ́ọ̀ oní-íńṣì mẹ́rìnlá, ìbú wíìlì ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó ń jẹ́ kí a mọ bí igi ṣe lè fẹ̀ tó láti ibi ayùn dé ara òpó ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbé pákó dúró kí ó sì là á sí méjì, àlàfo mìíràn ni ó kan òun: èyí tí ó wà láàárín tábìlì àti gáìdì òkè, ìyẹn ohun tí ń tọ́ ayùn sọ́nà kí ó má yẹ̀, nígbà tí a bá gbé gáìdì náà lọ sókè pátápátá. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-íńṣì mẹ́rìnlá tí férémù wọn jẹ́ irin dídà, àlàfo yìí kò ju íńṣì mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ nítorí pákó oní-íńṣì méjìlá ti ra ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ kò gba ọmọrogùn. Irin àfikún kan wà tí wọ́n máa ń kì bọ àárín òpó láti sọ mẹ́fà náà di méjìlá, tí gígùn ayùn yóò sì kúrò ní íńṣì 93½ di 105. Irin náà dára, àmọ́ gíga nìkan ni ó ń fi kún un. Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì kan tí ó ti ń mí hẹlẹ lórí íńṣì mẹ́fà kò ní di akọni lórí méjìlá. Ẹ mú tépù lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ, kí ẹ fi wọn àlàfo náà fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó jẹ mí lówó jù, nítorí náà n kò ní yára fò ó. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan ni mo rí ní Èkó, wíìlì rẹ̀ jẹ́ ogún íńṣì, ó wúwo, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Mo wọn ẹnu rẹ̀, mo ná an, mo sanwó, ọkọ̀ sì gbé e dé Alékúwodò lálẹ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ iṣẹ́ mi fi àkísà tí ó rẹ sínú kẹrosíìnì nu gíríìsì tí ó bo àwo pẹlẹbẹ kékeré tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì, ó tẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí ń ka lẹ́tà, ó ní: "Ọ̀gá, 400V ni wọ́n kọ síbí o. Wọ́n tún kọ 3, àmì kan tó lọ́ bí ejò sì wà lẹ́yìn rẹ̀." Féèsì mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́, féèsì kan ni ó wọ ilé mi. Ẹni tí ó tà á kò purọ́ fún mi, èmi ni n kò bèèrè. Oṣù mẹ́ta gbáko ni adìyẹ fi ń sùn lórí tábìlì ẹ̀rọ náà kí n tó rí owó ra ẹ́ńjìnnì féèsì kan oní-họ́ọ̀sì mẹ́ta sí i.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé àpótí kékeré kan wà tí àwọn oníná ń pè ní VFD, tí ń gba féèsì kan wọlé tí ó sì ń gbé mẹ́ta jáde. Ó wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí ń jẹ 230 fóòlùtì kì í sábà gbé ju 230 náà jáde, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tí àwo rẹ̀ ka 230/400 ni ó bá a mu, lẹ́yìn tí oníná bá ti tún ìsopọ̀ wáyà inú rẹ̀ ṣe kúrò ní ti ìràwọ̀ sí ti onígun mẹ́ta. Bí àwo náà bá ka 400/690, ẹ má wulẹ̀ fi í dán an wò.

Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá ní wàhálà tirẹ̀. Wọn a máa sọ pé tàransífọ́mà ni oògùn rẹ̀, pé bí a bá ti sọ 230 di 115, ó parí. Kò parí. Tàransífọ́mà lè dín fóòlùtì kù, kò lè sọ 50 Hz tiwa (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) di 60 Hz tiwọn. Ẹ́ńjìnnì tí ń yí ní ìgbà 1,725 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún yóò máa yí ní nǹkan bí 1,425 lọ́dọ̀ wa, ayùn tí ó yẹ kí ó máa sáré ní 3,000 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan yóò wálẹ̀ sí 2,500, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó bá ti rà á ná lè pààrọ̀ púlì láti dá eré rẹ̀ padà. Ti gbígbóná ni púlì kò lè wò sàn.

Kódà bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ féèsì kan, 230, 50 Hz, ẹ kò tíì bọ́. Bí fóòlùtì bá wálẹ̀, agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí a máa wálẹ̀ jù ú lọ: bí 230 bá di 180, bí ó ti sábà máa ń rí nírọ̀lẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá tan ohun tí wọ́n ní, ohun tí yóò ṣẹ́ kù kò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tò ayùn, tí mo tún gáìdì ṣe, tí mo sì ń bínú sí ọmọ iṣẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ ń dákú sáàárín pákó. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníná kan ni ó wá, ó ki mítà rẹ̀ bọ ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀rọ bí mo ti ń la igi lọ́wọ́, ó wo nọ́ńbà tí ó yọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yín ò ṣàìsàn o, ebi ló ń pa á."

Ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì mẹ́ta lórí féèsì kan lè fa tó 17 ámpì nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ kára, yóò sì fa ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ó bá ń dìde. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì 13 ámpì tí a fi ń lọ aṣọ kò lè gbé e. Kí oníná fa wáyà tirẹ̀, 4 mm², wá láti bọ́ọ̀dù, kí ó sì ní bíréékà tirẹ̀. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò tilẹ̀ yẹ ní mímẹ́nubà; 3.5 kVA pàápàá yóò kérora, yóò sì kú. Èmi kì í dábàá ohun tí ó kéré sí 7.5 kVA. Bí ẹ bá sì ń bèèrè iye họ́ọ̀sì tí ó tó, họ́ọ̀sì kan yóò rìn fún arère tí ó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọ̀gànwó tàbí àpá tí ó fẹ̀ tó íńṣì mẹ́wàá sí méjìlá ń fẹ́ méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, kí ẹ sì má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́: họ́ọ̀sì kan jẹ́ 746 wáàtì, àwo ẹ́ńjìnnì ni ẹ ó ti kà á.

Àṣìṣe mìíràn tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu nítorí pé ó jọ ọgbọ́n ni ti ayùn. Ẹni tí ó bá kà á nínú ìwé ẹ̀rọ pé ó lè gba ayùn oní-íńṣì kan, íńṣì kan náà ni yóò sáré lọ rà, nítorí pé ayùn tí ó fẹ̀ ni ó rò pé yóò rìn tọ́. Wíwọ̀ tí ayùn wọ orí wíìlì yàtọ̀ sí pé férémù lè fà á le. Ayùn oní-íńṣì kan tí ó nípọn tó 0.9 mm ń fẹ́ kí ẹ̀rọ fi agbára tí ó tó ẹrù irinwó kìlógíráàmù fa wíìlì òkè kí ó tó le bí ó ti yẹ. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ nìyẹn. Férémù ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-íńṣì mẹ́rìnlá yóò ti tẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ayùn tí kò bá le a máa rìn gbéregbère nínú igi: ẹ ó wo ojú òkè, yóò tọ́ gbọnrangandan, ẹ ó wo ìsàlẹ̀, yóò tọ́, ẹ ó wá ṣí pákó náà sí méjì, ẹ ó sì rí i pé ìkan wú láàárín bí ikùn agbè, èkejì sì jìn sínú.

Ìlànà àtijọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn: kí nínípọn ayùn má ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìbú wíìlì lọ. Wíìlì oní-íńṣì ogún fẹ̀ ní nǹkan bí 508 mm, nítorí náà ayùn tí ó nípọn tó 0.5 mm ni ara rẹ̀ gbà. Ọ̀pọ̀ ń kọjá ààlà yìí díẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi 0.9 mm yí ká wíìlì kékeré lójoojúmọ́, ayùn yóò rẹ̀, yóò sì já níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Lórí ẹ̀rọ oní-íńṣì mẹ́rìnlá, ìdajì íńṣì tí a fà le dáadáa yóò là ju íńṣì kan tí ó rọ̀ lọ.

Eyín wẹ́wẹ́ náà ń tan ènìyàn jẹ. Ó dà bí ẹni pé eyín tí ó pọ̀ ni yóò jẹ́ kí ojú pákó dán, bẹ́ẹ̀ àlàfo tí ó wà láàárín eyín ni ó ń kó lẹ́búlẹ́bú jáde nínú pákó tí ó fẹ̀. Bí àlàfo náà bá kéré, yóò kún kí eyín tó yọ sísàlẹ̀, ayùn yóò máa fi ara ha igi, èéfín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ayùn yóò sì wá ibi tí ó rọrùn gbà. Eyín mẹ́ta nínú íńṣì kan ni kí ẹ bèèrè. Àwọn sọ́ọ̀ dókítà tí ń pọ́n ayùn ẹ̀rọ CD, bándísọ́ọ̀ ràgàjì tí ń la gẹdú, ní sọ́míìlì mọ èyí ju ọ̀pọ̀ nínú àwa káfíńtà lọ. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gé ayùn ní gígùn tí ẹ̀rọ náà ń lò kí wọ́n sì jó o pọ̀, nítorí ẹ̀rọ tí ayùn rẹ̀ kò ṣeé rí rà yóò di ibi tí a ń fi aṣọ kọ́.

Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí ẹ̀rọ. Ìrókò wa yìí a máa ní òkúta nínú, òkúta funfun bí ẹfun tí igi fúnra rẹ̀ ń dá sínú, tí ojú kò sì lè rí láti ìta. Èyí tí mo bá pàdé ní ọdún àkọ́kọ́ kò tóbi ju èkùrọ́ lọ: mo gbọ́ "kẹ̀ń", iná ṣẹ́ pàà, ayùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní àná sì ti di aláìléyín ní ibi tí ó gùn tó ìka mẹ́rin. Tíìkì kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó dà bí yanrìn wà nínú rẹ̀ tí ń mú kí ayùn kú kíákíá. Ẹ fi owó ayùn mẹ́ta pamọ́. Pákó tútù ńkọ́? Bí ẹ bá la èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti sọ́míìlì dé sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò ká kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ ó sì máa bú ẹ̀rọ tí kò jẹ̀bi. Ẹni tí kì í la pákó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, n kò rò pé ó nílò ẹ̀rọ ńlá kankan. Kí ó gbé e lọ sí sọ́míìlì, kí ó sì fara mọ́ ohun tí ayùn wọn bá jẹ.

Gíga ẹ̀rọ oní-íńṣì ogún lè tó mítà méjì, nítorí náà ẹ wọn ẹnu ọ̀nà. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa fa èéyún àti ikọ́ líle fún ẹlòmíràn, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé sì ka lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ ohun tí ń fa àrùn náà. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ihò tí a lè ki páìpù afalẹ́búlẹ́bú bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ fi ọwọ́ yí wíìlì, kí ẹ tẹ́tí sí bẹ́rìn, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà tí ó wà lára wíìlì bóyá ó ti gan, kí ẹ sì wo sípíríǹgì tí ń fa ayùn le bóyá ó ti tẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ẹ gbé pákó ọ̀gànwó gbígbẹ kan dání láti ilé, tí ó fẹ̀ ní íńṣì mẹ́jọ, tí ẹ ti fi pléènà sọ ojú kan àti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ di títọ́. Ẹ la fẹ́lẹ́ mílímítà mẹ́ta kan kúrò lára rẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á, kí ẹ wọn igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín rẹ̀. Bí ó bá ní kò sí iná, ẹ ní ẹ ó dúró dè é.