Iná tó ń tàn lọ́sàn-án gangan: bẹ́ ẹ ṣe lè fi sẹ́ńsọ̀ máa pa á

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ èyíkéyìí ní agogo kan ọ̀sán, oòrùn ń ràn lóde, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, síbẹ̀ gbogbo bọ́ọ̀bù ló ń tàn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ o, ọwọ́ wọn ló dí. Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀, èyí tí àwọn tó ń ta nǹkan iná ń pè ní fótósẹ́ẹ̀lì, ló lè máa bá wọn rántí: á máa pa iná tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá tó, á sì máa tàn án tílẹ̀ bá ń ṣú. Ọ́fíìsì àti kíláàsì náà ò yàtọ̀, télọ̀ ni mo kàn fi ṣàlàyé torí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ò gba bàìbàì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ẹ̀ ná. Bọ́ọ̀bù LED 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wáàtì 18 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, ó ń lọ sí bíi yúnìtì 30. Tí mítà bá ń gé náírà 200 fún yúnìtì kan (àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, ti mọ ojú ọ̀rọ̀ láti April 2024 tó di náírà 225), ẹgbẹ̀rún 6 náírà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ ò ní dá gbogbo ẹ̀ padà torí ọjọ́ òjò wà, àmọ́ èyí tó máa dúró sápò yín ò ní kéré.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkankan, ẹ wo bí wáyà iná yín ṣe rìn. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kì í wọlé jìnnà, ẹ fi òkè fèrèsé ṣe ìwọ̀n, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló sábà máa ń dé: tí òkè fèrèsé bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, níbi ẹsẹ̀ bàtà 14 ó ti ń parí, tó bá sì jẹ́ gíláàsì dúdú ni, kò ní débẹ̀ rárá. Ẹ ní kí ẹlẹ́tíríṣíànì ya ìlà bọ́ọ̀bù iwájú sọ́tọ̀, òun nìkan ni kẹ́ ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sí, kẹ́ ẹ fi tẹ̀yìn sílẹ̀ fún súwíìsì.

Fótósẹ́ẹ̀lì ti ẹnu géètì ò dúró dáadáa nínú ilé, nǹkan bíi lux 10 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ló ń tan iná, ìyẹn nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ṣú tán. Orí tábìlì ọ́fíìsì ń fẹ́ nǹkan bíi 500, ẹni tó ń fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú tún ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá èyí tó ní bọ́tìnì yíyí, tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ pé ó dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún lux. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fi téépù dúdú bo ojú ti géètì, kẹ́ ẹ fi ihò kékeré sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rí á dín kù, á tètè máa tan iná. Áàpù tó ń ka lux wà lórí fóònù Android, ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì kójú ẹ̀ wòkè, ẹ kà á níbẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa kàn án mọ́ gan-an ni wàhálà wà, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé sẹ́ńsọ̀ ò dáa. Tójú ẹ̀ bá kọ sí bọ́ọ̀bù tó ń darí, bí iná ṣe tàn báyìí á rò pé ojúmọ́ ti mọ́, á pa á, ilẹ̀ á ṣú, á tún tàn án, tàn-pa-tàn-pa títí orí á fi máa fọ́ yín. Ẹ kọjú ẹ̀ sí fèrèsé, kí bọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ fèrèsé ìwọ̀ oòrùn ni, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, torí tó bá di bí agogo 5, oòrùn á máa ta sí i lójú tààrà nígbà tí orí tábìlì ti ń ṣú lọ, iná ò sì ní tàn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu ojú ẹ̀, eruku lè jẹ́ kó rò pé alẹ́ ti lẹ́.

Wáyà mẹ́ta ló ní: dúdú fún iná tó ń wọlé, funfun fún nítírà, pupa lọ sí bọ́ọ̀bù. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, àmọ́ àwòrán tó wà lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ kọ́kọ́ já iná láti bírékà o! Súwíìsì yín kó ṣì wà níwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè pa gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ti so ó tán, tẹ́ ẹ sì ti dá iná padà, ẹ fọwọ́ bo ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó tan iná, kí ìkùukùu tó kàn ń kọjá má baà máa tàn wọ́n jẹ. Tó bá sì jẹ́ ìnfátà lẹ ń lò, èyí tó jẹ́ pure sine wave ni kó jẹ́, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, àwọn ìnfátà olówó pọ́ọ́kú lè jó inú sẹ́ńsọ̀ náà.