Bí Mo Ṣe Kó Àwọn Ìbéèrè Tí À Ń Tún Béèrè Jọ fún Àwa Tí A Ń Sin Ìgbín

Àwa tí a ń sin ìgbín sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Odògbolú, Ìpẹru àti Ṣàgámù ní ojú òpó WhatsApp kan tí a ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wa kì í tà á. Olùkọ́, télọ̀, awakọ̀ àti òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni wá, ìgbín sì ni ohun tí a fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń kanlẹ̀kùn, àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ ní kí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé wá nǹkan ṣe sí àwọn ìbéèrè tí à ń gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́, nítorí pé èsì tí àwọn kan ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ti ń gbóná jù. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ mi ni òfin méjì mẹ́ta. Mo pinnu pé n kò ní kọ òfin kankan kí n tó mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè gan-an, àti ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀.

WhatsApp ní àyè tí ènìyàn lè fi kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú òpó jáde bí ìwé kan, láìsí àwòrán. Mo kó tiwa jáde, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń wá gbogbo ìlà tí ó ní àmì ìbéèrè. Ọ̀nà yìí nìkan kò tó, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fi àmì ìbéèrè sí ọ̀rọ̀. A máa ń kọ “ẹ jọ̀ọ́” tàbí “ẹ gbà mí”, tàbí kí a kàn fi àwòrán ìgbín kan ránṣẹ́, kí a sì dákẹ́. Mo wá àwọn wọ̀nyẹn náà. Mo kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àkọsílẹ̀ pẹ̀lú oṣù tí a béèrè rẹ̀, oṣù yìí ni ó sì là mí lójú jù lọ.

Ìbéèrè nípa ẹyin máa ń rọ́ dé nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá wọlé ní oṣù kejìlá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ojú òpó wa kan: “Ìgbín mi ti pa ẹnu dé, ṣé ó ti kú ni?” Àwọn tí inú ń bí máa ń wí pé léṣìí ni a ti dá èyí lóhùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ìgbín ní oṣù karùn-ún kò tíì bá ìgbín rẹ̀ rí ẹ̀ẹ̀rùn kankan. Ohun tí a sọ léṣìí kò tíì kàn án nígbà tí a ń sọ ọ́. Pẹ̀lúpẹ̀lù, lórí WhatsApp, ẹni tí ó wọlé lónìí kò rí ohun tí a sọ lánàá, àfi bí ẹnìkan bá fi ránṣẹ́ sí i. Ní Telegram, ẹni tuntun lè rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá bí olùdarí bá gbà á láyè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún àlejò wa pé kí ó lọ wo òkè ń rán an lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan fún un láti wò.

Mo kà pé irú wàhálà yìí ti wà kí WhatsApp tó dé ayé. Lórí Usenet, tí àwọn ènìyàn ti ń jíròrò lórí kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oṣù kẹsàn-án ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní yunifásítì máa ń dé lọ́dọọdún, tí wọn yóò máa béèrè ohun kan náà títí wọn yóò fi mọ ìṣe ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń so ènìyàn mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi AOL, ṣílẹ̀kùn Usenet fún àwọn oníbàárà wọn, àlejò kò dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ ń pe ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993 ní oṣù kẹsàn-án tí kò lópin. Ibi tí ìṣòro pọ̀ sí ni ọgbọ́n náà ti wá, nítorí pé láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni àṣà kíkó ìbéèrè àti ìdáhùn jọ sójú kan ti gbilẹ̀. Eugene Miya, tí ó ṣiṣẹ́ ní NASA, wà lára àwọn tí a dárúkọ mọ́ ọn. Nínú ìtàn yìí, ohun tí ó dùn mọ́ mi ni pé àwọn náà ní àsìkò tiwọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tí mo kó gbogbo “ó ti pa ẹnu dé” sójú kan, mo rí i pé kì í ṣe ìbéèrè kan. Ìgbín ẹnìkan fi awọ fẹ́lẹ́ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Kò sí ewu níbẹ̀, oorun ni ó ń sùn, bí a bá wọ́n omi sí i, tí a sì fi ewé bo ilẹ̀ rẹ̀ kí ó lè tutù, yóò jáde. Ti ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé nínú àpò tí oòrùn ti pa. Èyí ń fẹ́ ibòji àti ìsinmi kí a tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ti ẹnì kẹta kò tilẹ̀ ní awọ kankan lẹ́nu, ara rẹ̀ ti sún wọ inú lọ jìnnà, ó sì ti ń rùn. Òkú ni ìyẹn, ó yẹ kí a tètè yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù. Gbólóhùn kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ránṣẹ́. Bí a bá ní kí ẹnì kẹta lọ ka ohun tí a sọ fún ẹni àkọ́kọ́, a ti ní kí ó máa wọ́n omi sí òkú nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹyin. Ẹnìkan yóò fi ìdààmú kọ̀wé pé ìgbín òun kò yé ju ẹyin mẹ́jọ lọ, nígbà tí ti aládùúgbò òun lé ní ọgọ́rùn-ún. Irú ìgbín tí wọ́n ń sìn ni ó yàtọ̀. Archachatina marginata, èyí ńlá tí a fẹ́ràn jù níhìn-ín, máa ń yé ẹyin ńláńlá díẹ̀ tí kì í sábà tó 20 lẹ́ẹ̀kan. Achatina fulica lè yé ẹyin wẹ́wẹ́ tí ó ju 100 lọ. Láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ béèrè irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdáhùn kankan kò lè bọ́ sí i.

Àwọn tí mo kà sí àtúnbéèrè tòótọ́ kò pọ̀. “Èwo ni akọ nínú wọn?” wà níbẹ̀: ìgbín kọ̀ọ̀kan ní ohun èlò akọ àti ti abo lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì ni ó sábà máa ń pàdé kí ẹyin tó wá. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà wà níbẹ̀: iyọ̀ ń fa omi ara ìgbín jáde, ó sì ń pa á, nítorí náà kí a má ṣe fún un ní àjẹkù ọbẹ̀. Ewé ìbẹ́pẹ ńkọ́? Ó dára. Àwọn wọ̀nyí kò gbà ju ìlà kan lọ.

Láti inú èyí ni mo ti mọ bí n óò ṣe kọ ìwé náà. Ìbéèrè tí kò ní ẹ̀ka ni mo fún ní ìdáhùn tààrà. Èyí tí ó ní ẹ̀ka ni mo fi ìbéèrè tiwa ṣáájú ìdáhùn rẹ̀: ṣé awọ funfun wà lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ó ń rùn? Ìgbà wo ni ẹ rà á? Mo fi ìwé náà han àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí ọ̀sìn ìgbín, wọ́n ṣàtúnṣe ibi tí ó yẹ, lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan láti Ìpẹru, tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ka ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, nítorí pé àwọn àgbà wa kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ojú wá lẹ́tà kéékèèké. A lẹ ìwé náà mọ́ òkè ojú òpó. WhatsApp kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lókè ju 30 ọjọ́ lọ, nítorí náà iṣẹ́ mi ni láti máa tún un lẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù lọ kò sí nínú ìwé rárá. Ọ̀nà tí a óò gbà fi ìwé náà lé ènìyàn lọ́wọ́ ni. Bàbá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún ti kọ ìbéèrè rẹ̀ nígbà kan rí, ó kọ́kọ́ kí tọmọdé tàgbà, ó ṣàdúrà fún wa, kí ó tó dé orí ìgbín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fèsì pé: “Ẹ lọ wo òkè, a ti sọ ọ́.” Kò bú Bàbá, ó tilẹ̀ pè é ní “ẹ”. Ṣùgbọ́n kò dáhùn ìkíni, ó sì rán àgbà níṣẹ́ ní gbangba. Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù fún iṣẹ́ yìí, kò rojọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún mi pé òun kò mọ̀ pé òun ń dí wọn lọ́wọ́ ni.

Mo ronú nípa Stack Overflow, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún 2008. Níbẹ̀, wọ́n máa ń ti ìbéèrè tí ó bá jọ ti àtijọ́ pa, wọn yóò sì tọ́ka sí ti àtijọ́. Ó tọ́ fún wọn, nítorí pé ìwé tí gbogbo ayé yóò máa wá kà ni wọ́n ń kọ. Àwa ń jókòó pọ̀ ni, ẹni tí a bá sì ti ilẹ̀kùn mọ́ kì í padà wá. Ohun tí ó bá wa mu ju èyí lọ wà nílé: rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà tí a máa ń rí nínú aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Mo dábàá pé kí ojúgbà máa dá ojúgbà lóhùn níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Bí ọmọdé ni ó bá kọ́kọ́ rí ìbéèrè àgbà, kí ó kí i káàbọ̀, kí ó dáhùn ní gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà kí ó tó fi ohùn tí a ti ká sílẹ̀ ránṣẹ́. Àpẹẹrẹ tí mo kọ fún wọn nìyí: “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ sáàárín wa. Bí awọ funfun bá wà lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì rùn, ó ń sùn ni. Ẹ gbọ́ àlàyé tó kún yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí a mọ bí ó bá ṣe rí, sà.” Mo fi kún un pé ẹnìkan ni kí ó dáhùn, kí àwọn yòókù má rọ́ dé, àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi àwòrán ẹ̀rín sí ìbéèrè tí kì í ṣe àwàdà.

Oníbèérè náà ní ojúṣe tirẹ̀. A ń fẹ́ mọ ìlú tí ó wà, oúnjẹ tí ó ń fún ìgbín rẹ̀, àti ohun tí ó ti gbìyànjú, kí ó sì fi àwòrán kan tì í. Ní pàtàkì, kí ó padà wá sọ àbájáde. Púpọ̀ ni kì í padà wá, èyí sì máa ń dun àwọn olùdáhùn ju ìbéèrè fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn kan takò mí. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó mọ̀ nípa ìgbín ju gbogbo wa lọ sọ pé bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ènìyàn lóhùn ní gbogbo ìgbà, a ń kọ́ wọn ní ọ̀lẹ ni. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ àárẹ̀ tí ó wà nínú ohùn rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bí ó ti ń rí lára ẹni tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà a gba ọ̀gbẹ́ni náà àti àwọn bíi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá ni ó ń dáhùn báyìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé ẹ̀rù tí ó ń ba oníbèérè kò tíì kúrò lọ́kàn tiwọn. Ìbéèrè tí kò bá sí nínú ìwé nìkan ni a ń gbé tọ ọ̀gbẹ́ni náà lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìbéèrè kò dínkù, ìjà ni ó dínkù. Bàbá wa ti ń sọ̀rọ̀ padà, àní òun ni ó ń kí àwọn àgbà tuntun káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta ìgbín lọ́jà nìkan ni n kò rí ojútùú sí, nítorí pé iye ọjà kì í dúró lójú kan.

Lẹ́yìn tí òjò padà, obìnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè ohun tí ó ti wà nínú ìwé wa: kí ló dé tí ẹyin ìgbín òun kò pa ọmọ? Ìwé wa sọ pé kí ilẹ̀ máa tutù. Ilẹ̀ tirẹ̀ tutù dáadáa, ó tilẹ̀ tutù jù, nítorí pé àpótí rẹ̀ kò ní ibi tí omi lè gbà jáde nísàlẹ̀, ẹyin sì ti rà sínú ẹrẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó dá a lóhùn ni ó fòye gbé e, lẹ́yìn tí ó ti ní kí ó ya àwòrán àpótí náà ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ sí iwájú ìdáhùn náà báyìí: ṣé ihò wà nísàlẹ̀ àpótí yín?