Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá wo London, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìlú kankan

Àǹtí mi kan wá kí wa lọ́dún kan, àwọn àti ọkọ wọn pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí n tó yọjú wọ́n ti ra Travelcard, tíkẹ́ẹ̀tì téèyàn ń sanwó ẹ̀ sílẹ̀ láti fi wọ ọkọ̀ káàkiri London, fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ o! Tí ọmọ ò bá tíì pé mọ́kànlá, ọ̀fẹ́ ló ń wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀fẹ́ náà ló ń wọ tube, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tó bá ti wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó sanwó. Ó dùn mí ju àwọn tó nowó lọ.

Ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ tààrà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá wá wo ìlú fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, káàdì báńkì tó jẹ́ contactless ti tó o, ẹ fi kan màṣíìnì yẹ́lò tẹ́ ẹ bá ń wọ tube, ẹ tún fi kàn án tẹ́ ẹ bá ń jáde, ti bọ́ọ̀sì ní tiẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé nìkan ni. Tó bá dalẹ́ wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ibì kan sì wà tí owó yẹn ń dúró sí, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rìn dòru wọn ò ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2025, £8.90 ni fún zone 1 sí 2, ìyẹn àárín ìlú àti agbègbè tó yí i ká, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò wà. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì nìkan lẹ wọ̀ látàárọ̀, £5.25 ni. Ẹ wá wò ó, lọ́dún 2025 yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ bá wọ tube láàárín zone 1 ò tíì dé £8.90 yẹn, Travelcard ọjọ́ kan sì ju £15 lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ibi tí Travelcard ti lè wúlò ni ti ọjọ́ méje. Owó ọ̀sẹ̀ tí contactless máa ń dá dúró, Monday sí Sunday ni wọ́n ń kà á, torí náà ẹni tó dé ní Thursday tó fẹ́ lọ ní Wednesday, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pín in sí, kò ní jẹ àǹfààní ẹ̀. Travelcard ọlọ́jọ́ méje ní tiẹ̀, ọjọ́ tó bá wù yín ló ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìn dáadáa lójoojúmọ́ o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ bi báńkì yín kẹ́ ẹ tó wọ bàálù bóyá káàdì náírà yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tí wọ́n máa yọ lé e. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ra Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ London, ní tẹ́ṣàn, ẹ sì fi káàṣì sí i. Owó káàdì yẹn fúnra ẹ̀ ò ní padà wá, ṣùgbọ́n owó tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀ kì í kú, ẹ lè tọ́jú ẹ̀ di ìgbà míì. Ọmọ tó wà láàárín ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Oyster ló dáa jù fún un: ẹ ní kí òṣìṣẹ́ tẹ́ṣàn bá yín fi Young Visitor discount sí i, ìdajì owó ló máa san fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Contactless ò lè ṣèyẹn.

Ohun tó ṣe èmi fúnra mi rèé. Mo fi káàdì wọlé, mo fi fóònù jáde, káàdì kan náà ló sì wà lórí fóònù yẹn o. Lójú màṣíìnì, èèyàn méjì ni wá, ẹnì kan wọlé kò jáde, ẹnì kan jáde kò wọlé, wọ́n gba owó tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ dúró tì í, kí oníkálùkù sì ní tiẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ yáa máa wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó wá wo ìlú tó tún lọ bọ́ sínú ihò, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? £1.75 lẹ san ní 2025, láàárín wákàtí kan ẹ lè bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ wọ òmíì láì tún sanwó. Wọn ò gba káàṣì o, láti 2014 ni wọn ò ti gbà á mọ́. Nọ́ńbà 15 ń lọ láti Trafalgar Square gba St Paul's dé Tower of London. Nọ́ńbà 24 ń gba ẹ̀gbẹ́ Big Ben, ẹ lè bọ́ sílẹ̀ ní Tottenham Court Road kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí British Museum, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àwọn ló ni orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, ẹ má bi mí bó ṣe débẹ̀.

Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow, Piccadilly line tó jẹ́ tube ni owó ẹ̀ rọjú jù nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin, Elizabeth line yá jù ú lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Heathrow Express, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tí ọ́fíìsì ń sanwó fún. Ọkọ̀ ojú omi Thames náà ò sí nínú owó tó ń dúró síbì kan lójúmọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Tí ìrẹsì tútù àti búrẹ́dì òyìnbó bá sú yín, nọ́ńbà 12 wà ní Oxford Circus, ó ń gba Westminster lọ tààrà sí Peckham, àdúgbò táwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ẹ gun òkè, ẹ jókòó níwájú pátápátá, ẹ máa wòta, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn yín, ẹ múra àtibọ́ọ́lẹ̀.