Ẹ kọ́kọ́ fi Google Lens yẹ fọ́tò wò

Ẹ̀yin ará, bí fọ́tò bá wọlé pé afárá Third Mainland ti sán, tàbí pé omi ti gba Lẹ́kì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín in. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù, ẹ ṣí áàpù Google, ẹ tẹ àmì kámẹ́rà (Google Lens nìyẹn, tó ń fi fọ́tò wá ibi tí irú rẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), kí ẹ sì mú fọ́tò náà. Tó bá jẹ́ fídíò, ẹ dá a dúró níbi tí ilé tàbí pátákó ti hàn ketekete, kí ẹ ya ojú fóònù yín. Ọ̀pọ̀ fọ́tò adẹ́rùbani ló jẹ́ ti àtijọ́, òmíràn kì í tilẹ̀ ṣe ti Nàìjíríà. Google lè gbé ibi tó ti jáde tẹ́lẹ̀ síta, nígbà mìíràn pẹ̀lú déètì rẹ̀. (Ẹ wo ọkọ̀ inú rẹ̀ náà: dánfó Èkó, yẹ́lò onílà dúdú ni.) Àmọ́ fọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lè má tíì sí níbẹ̀, Google Lens kò sì wúlò fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ pe ẹni yín tó wà nítòsí afárá náà, ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí tàbí Adéníji Adélé, kó wo ìta.